Ẹ yé sọ pé ìwé ló ń ta chess oní-lẹ́tà

Nírọ̀lẹ́ àná ní Kúbwà, níbi tá a ti máa ń ta chess, ẹ̀gbọ́n kan tún gbé e dé o, pé chess oní-lẹ́tà yìí, èyí tí wọ́n ń fi ìsún ránṣẹ́ síra wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò gba ọgbọ́n kankan, ẹni tí ìwé opening ẹ̀, ìyẹn ìwé tó kọ́ni ní àwọn ìsún ìbẹ̀rẹ̀ eré, bá nípọn jù ló máa jẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi gan-an.

Ẹ lọ wo eré Estrin àti Hans Berliner, ará Amẹ́ríkà, nínú ìdíje àgbáyé karùn-ún ti chess oní-lẹ́tà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1965. Estrin, ará Soviet, ọ̀gá ni nínú Two Knights Defence, opening kan báyìí, òun fúnra ẹ̀ kọ̀wé lórí ẹ̀. Opening yẹn náà sì ni wọ́n ta! Bí wọ́n ṣe sún un nìyí, funfun ló ń ṣáájú: e4 e5, Nf3 Nc6, Bc4 Nf6, Ng5 d5, exd5, ni Berliner tó wà ní dúdú bá ti b5. Nígbà tó dé ìsún kẹwàá, knight dúdú ti wà lẹ́nu ewu látẹ̀yìn, Estrin tún wá ti f3 kọlu bishop ẹ̀, èmi ì bá ti máa wá bí mo ṣe máa kó wọn sá, àmọ́ Berliner fi méjèèjì sílẹ̀ níbẹ̀, ó ti pawn ẹ̀ sí e4. Estrin jẹ knight yẹn o, síbẹ̀ ní ìsún 42 Berliner ló jẹ. Nínú eré 16 tó ta nínú ìdíje yẹn, ó jẹ 12, ó ta ọ̀mì 4, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́. Ṣé ìwé ló ṣe gbogbo ìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n ní ṣebí wọ́n ní ọjọ́ púpọ̀ láti yẹ ìwé wò. Wọ́n ní i, àwọn méjèèjì ló ní i.

Lóde òní tí ICCF, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó chess oní-lẹ́tà, ti fàyè gba kọ̀ǹpútà, ọ̀mì ti pọ̀ jù láàárín àwọn ọ̀gá, mo gbà. Ìyẹn ò kan ti 1965.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ní Kàdúná ta tiwa lórí WhatsApp, ọjọ́ mẹ́ta fún ìsún kan, ìwé kan náà la jọ ní, ìwé yẹn parí ní ìsún kẹsàn-án, oṣù márùn-ún la sì fi ta èyí tó kù, tí mo máa ń ronú sí ìsún kan látìgbà tí mo bá ti wọ mọ́tò ní Kúbwà títí màá fi dé Wuse, kó tó di pé mo jẹ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá ṣì ń jiyàn, ẹ mú ìwé yín wá, ẹ mú funfun, ẹ ta Ng5. Ọjọ́ mẹ́ta fún ìsún kan.