Ẹ Sanwó Àwọn Tó Ti Wálé Ná

Ká má parọ́, ojú gbà wá tì nígbà tí a gbọ́ ìwé ẹ̀sùn tí NFF, àjọ tó ń bójú tó bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, kọ sí FIFA lórí àwọn agbábọ́ọ̀lù Congo ti Kinshasa. Wọ́n fi pẹnáritì lé wa ní Rabat lóṣù Kọkànlá 2025, World Cup bọ́ lọ́wọ́ wa lẹ́ẹ̀kejì léra, ni àwọn ọ̀gá wa l'Ábújá bá gbé bírò, wọ́n ní àwọn ọmọ kan níbẹ̀ ní páṣípọ́ọ̀tù ìlú méjì àti pé òfin ilẹ̀ Congo ò fàyè gbà á. Ó lè jóòótọ́ o. Àmọ́ ẹnu ta lọ̀rọ̀ yẹn ti ń jáde? Ṣebí London ni wọ́n bí Lookman, agbábọ́ọ̀lù Super Eagles wa, sí, England ló bá gba ife àgbáyé U-20 ní 2017, 2022 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá wa, òun náà sì ni CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, pè ní agbábọ́ọ̀lù tó mọ̀ ọ́n gbá jù ní Áfíríkà ní 2024. Ọlá Aina tí wọ́n bí sí London bákan náà ńkọ́? Troost-Ekong tí ìyá ẹ̀ jẹ́ Òyìnbó Netherlands ńkọ́?

Kì í ṣe pé ọmọ tó nílé méjì burú. Òfin wa ti 1999 ti sọ ọ́ ní abala 25 pé ibi yòówù kí wọ́n bí ọmọ sí, tí bàbá tàbí ìyá ẹ̀ bá ti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà lòun náà. Ó ti parí.

Ohun tí a ti ń pariwo látọjọ́ yìí ni pé ìgbà tọ́mọ bá ti lókìkí tán làwọn èèyàn yìí ń mọ̀ pé ó wà. Saka tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Arsenal, ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé, láti U-16 ni England ti ń pè é, ó ń bá wọn gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi fún un ní jẹ́sì àgbà ní 2020, ìgbà tí tiwa fi máa jí, ilẹ̀ ti ṣú. Alaba ńkọ́, tí bàbá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Ògèrè Rẹ́mọ, nínú ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí? Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí Austria kó o sínú tíìmù àgbà wọn ní 2009. Ẹ dé Kútọ̀ l'Abẹ́òkúta nírọ̀lẹ́, ẹ máa bá àwọn ọmọ wa tó wọ jẹ́sì Arsenal nọ́ńbà 7, èyí tí lẹ́tà orúkọ Saka ti ń ṣí lẹ́yìn ẹ̀ nítorí ọṣẹ àti oòrùn, wọ́n á máa jà lórí ta ló máa jẹ́ Saka lónìí. Àwọn yẹn ò bi ẹnikẹ́ni ní páṣípọ́ọ̀tù.

Àwọn tó wá wálé wá gbá bọ́ọ̀lù fún wa ńkọ́, ẹ̀yin NFF, kí lẹ fi ṣe wọ́n lálejò? Ọjọ́ díẹ̀ péré kí wọ́n tó bá Gabon gbá ní Morocco, ìyẹn kó tó kan Congo, àwọn ọmọ kọ̀, wọn ò lọ sí pápá ìgbaradì torí owó tẹ́ ẹ jẹ wọ́n. Lọ́sẹ̀ tí World Cup wà lórí iná! Ọmọ ọdún 18 tó wà ní Jámánì, tí ìyá ẹ̀ jẹ́ Òyìnbó, tó ń ka gbogbo ẹ̀ lórí fóònù, ẹ jọ̀ọ́, kí ni bàbá ẹ̀ fẹ́ sọ fún un táá fi gbà?

Ẹ yan èèyàn gidi síbẹ̀, táá máa bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ látìgbà tọ́mọ bá ti wà lọ́mọ ọdún 14, kì í ṣe kẹ́ ẹ máa lọ ya fọ́tò nílé wọn lẹ́yìn tó ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé ní Premier League. Kẹ́ ẹ sì sanwó kí wọ́n tó dé kám̀pù. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe ìyẹn tán, kẹ́ ẹ wá padà lọ ka páṣípọ́ọ̀tù àwọn ará Congo.