Àlejò Ti Wọlé, Ẹní Ò Tíì Sí Nílẹ̀

Ó ti sú mi! Ọjọ́ 6 gbáko ni mo fi jókòó ti driver kan (ètò tó ń darí hardware) nínú kernel Linux, ọkàn ètò Linux, nítorí ìlà 2 péré tí ẹnì kan kọ síbi tí kò yẹ.

Ẹ wo ohun tó ṣe. Nínú probe, ibi tí driver ti ń gbára dì, ó fi kmalloc gba mẹ́mọ́rì, ó sì pe request_irq lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìyẹn ni pé kí kernel máa pe handler, kóòdù tó ń dáhùn, nígbàkigbà tí hardware bá rán interrupt (ìpè) wá. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló wá kọ spin_lock_init, tó ń ṣètò lock (ohun tí kì í jẹ́ kí CPU méjì fọwọ́ kan nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀kan), àti INIT_WORK, tó ń ṣètò iṣẹ́ tí a ó ṣe tó bá yá, sí. Ta ló sọ fún un pé hardware máa dúró dè é? Kí request_irq tó parí pàápàá, interrupt ti lè já wọlé lórí CPU mìíràn, kó lọ di lock tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣètò mú. Pàǹtí tó wà nínú mẹ́mọ́rì tẹ́lẹ̀ ló máa bá níbẹ̀, torí kmalloc kì í gbálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kzalloc ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ká ní ó ń gan nígbà gbogbo ni, ǹ bá má bínú tó báyìí. Lórí kọ̀ǹpútà x86 mi, kò ṣe nǹkan kan. Lórí bọ́ọ̀dù ARM64, màá tàn án ní nǹkan bí ìgbà 40 kó tó gan lẹ́ẹ̀kan. Mo ní kí n fi printk, tó ń kọ ọ̀rọ̀ sínú log, sí ìbẹ̀rẹ̀ handler kí n lè mọ ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀, ló bá dẹ́kun! Printk ti dá handler dúró, CPU kejì sì ti ráyè parí ètò rẹ̀. Mo yọ printk, ó tún gan. Aago 2 òru, mo ṣì ń tan bọ́ọ̀dù, mo ń pa á, ojú mi wú, ó pọ́n.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wá ní kí n kúkú fi udelay, tó ń dá kóòdù dúró díẹ̀, sí i. Udelay kẹ̀! Ṣé ètè la fẹ́ fi sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá? Ẹni tó ra ọjà lọ́wọ́ wa ni bọ́ọ̀dù náà máa wá gan mọ́ lọ́wọ́.

Ohun tó ń ká mi lára jù ni pé kernel fúnra rẹ̀ ní ohun tó ń tú irú àṣírí yìí. Bí handler bá fọwọ́ kan lock tí a ò tíì ṣètò, CONFIG_DEBUG_SPINLOCK, àyẹ̀wò tí a lè tàn nínú kernel, á pariwo: "spinlock bad magic". Nígbà tí mo tàn án, bó ṣe tún ṣẹlẹ̀ báyìí ló fi hàn gbangba. Kí ló dé tí ẹni tó kọ driver náà ò tàn án?

Mo gbé ìlà 2 yẹn lọ sókè request_irq, ó parí. Ọjọ́ 6! Àárọ̀ yìí ni mo ṣí driver kejì tí ẹni náà kọ. Request_irq ló wà lókè níbẹ̀ náà.