Iṣẹ́ Áńbúláǹsì Kì í Ṣe Iṣẹ́ Dírẹ́bà

Ní Àbújá níbí, bí ọmọ Yorùbá bá délé tó ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ EMT, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn nínú áńbúláǹsì kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, ariwo á ta. Bàbá á ní, "Lẹ́yìn gbogbo owó ilé-ìwé tí mo san, dírẹ́bà lo fẹ́ yà?" Ìyá á ní ọmọ òun ò ní máa gbé òkú kiri. Àwọn aládùúgbò á gbè é lẹ́sẹ̀: kí ló wà níbẹ̀, ṣebí kéèyàn ṣáà ti mọ ọkọ̀ wà, kó fọn fèrè, kó sáré. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, èrò yẹn sì ń pa èèyàn lójú títì.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó já bọ́ lórí ọ̀kadà ní Nyanya. Ó dákú, ẹ̀jẹ̀ ò pọ̀ lára ẹ̀, ó wá ń hanrun. Àwọn tó yí i ká á ní, "Ó ṣì ń mí, ẹ jẹ́ ká tètè gbé e." Ẹnìkan mú ọwọ́, ẹnìkan mú ẹsẹ̀, ó di ẹ̀yìn Golf, wọ́n ká a kò, àgbọ̀n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àyà. Ìhanrun yẹn gan-an lewu: ahọ́n ti ṣubú sẹ́yìn, ó ń dí ọ̀nà ọ̀fun. Ó lè kú kí ọkọ̀ tó dé oríta AYA tó wà lójú ọ̀nà, wọ́n á sì ní àyànmọ́ ni.

Ẹni tó kọ́ṣẹ́ yìí á kọ́kọ́ wò bóyá ibẹ̀ ò léwu fún òun náà, torí ọkọ̀ ṣì ń kọjá. Lẹ́yìn náà, ibi orí ló máa kúnlẹ̀ sí. Á fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú kó má yí, á fi ìka ti igun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ síwájú láìfa ọrùn sẹ́yìn, torí eegun ọrùn lè ti dá. Ìhanrun á dáwọ́ dúró, atẹ́gùn á wọlé. Bó bá kan àtiyí i sórí pátákó, ẹni tó di orí mú ló ń kà á, "ení, èjì, ẹ̀ta," gbogbo wọn á sì yí i lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á tún èyí ṣe ní kíláàsì títí ó fi máa mọ́ wọn lọ́wọ́.

Títẹ àyà náà ńkọ́? Bí ọkàn bá dáwọ́ iṣẹ́ dúró, láàárín ìṣẹ́jú 4 sí 6 ọpọlọ ti lè máa bà jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ àyà ọmọlangidi ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5, kó má kọjá 6, kó sì jẹ́ kí àyà gbéra padà tán kó tó tún tẹ̀ ẹ́. Bó bá pé ìṣẹ́jú 2, ẹlòmíì á gbà á, nítorí ọwọ́ á ti rẹ̀ ẹ́ kóun fúnra ẹ̀ tó mọ̀. Ta ló fẹ́ ṣe èyí lẹ́yìn Golf tó ń kó sí kòtò?

Ìbéèrè bíbi náà tún wà ńbẹ̀. Ọkùnrin kan ń làágùn, ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu ẹ̀, kò lè dúró dáadáa. Ará ọjà á ní ó ti mutí yó. EMT á gún un níka, á rí i pé súgà ara ẹ̀ ló lọ sílẹ̀, ó lo oògùn àtọ̀gbẹ láìjẹun. Bó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, á fún un ní súgà. Bó bá ti dákú, wọn ò gbọ́dọ̀ da ohunkóhun sí i lẹ́nu, omi tútù táwọn èèyàn máa ń gbé sáré wá náà ò yọ sílẹ̀. Lápá ibí yìí, ó tún yẹ kéèyàn gbọ́ Haúsá díẹ̀, kó lè bi ìyá àgbà kan pé "Ina ke miki ciwo?" kí màmá sì fọwọ́ kan ibi tó ń dùn wọ́n.

Mi ò ní kí wọ́n má yára o. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú ikùn, iṣẹ́ abẹ ló lè gbà á là, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ wọn pé kí wọ́n gbìyànjú láti kúrò níbi ìjàm̀bá láàárín ìṣẹ́jú 10, àfi bí ẹni náà bá há sínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n á ti dí ojú ẹ̀jẹ̀ tó ń tú jáde kí ọkọ̀ tó gbéra. Awakọ̀ gan-an ń gba ẹ̀kọ́ tirẹ̀, torí eré àsápajúdé lè gbé ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn lẹ́yìn ṣubú lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ òkú gbígbé tí àwọn ìyá wa ń sọ, ó ṣẹlẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà. Kó tó di ìparí àwọn ọdún 1960, ní ọ̀pọ̀ ìlú níbẹ̀, ọkọ̀ àwọn tó ń sìnkú ni wọ́n fi ń gbé ẹni tó fara pa. Ní 1967, ní Pittsburgh, Dókítà Peter Safar kọ́ àwọn ọmọ adúláwọ̀ kan, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò níṣẹ́ lọ́wọ́, ní nǹkan bí wákàtí 300, wọ́n sì di Freedom House Ambulance Service. Ọwọ́ wọn ni ọ̀pọ̀ ìlú ti wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú èèyàn nínú ọkọ̀. Nílé wa níbí, òfin ìlera ọdún 2014 ya ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìtọ́jú ìlera ìpìlẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú pàjáwìrì.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ní ibẹ̀ lọkàn òun wà, ilé-ẹ̀kọ́ ni kẹ́ ẹ wádìí. Káàdì BLS, ìyẹn ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ nípa títẹ àyà àti bíbá èèyàn mí, tí wọ́n ń gbà lọ́jọ́ kan kì í ṣe EMT. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n á fi ọmọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn, bóyá á bá áńbúláǹsì jáde pẹ̀lú ẹni tó ti mọṣẹ́, àti ẹni tó máa dán an wò kí wọ́n tó ní ó yege. Káàdì BLS gan-an, ọdún méjì péré ló ń lò kí wọ́n tó tún un ṣe.