Èsì wa sí ọ̀rọ̀ yín lórí alẹ́ orin dùndún àti violin ní Erékùṣù Èkó

Ẹ kú àtijókòó tì wá lálẹ́ Sátidé, mà, ẹ sì kú làálàá kíkọ ọ̀rọ̀ gígùn báyìí. Ìràwọ̀ mẹ́ta lẹ fún wa. Ẹ ní ìlù bo violin mọ́lẹ̀ níbi tí ẹ jókòó sí, ní ìlà kejì lápá ọ̀tún. Ẹ dábàá pé kí a fi oníyàálù nìkan sílẹ̀, tàbí kí a kó gbogbo onílù lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ẹ ní ìdádúró lẹ́yìn ìsinmi ti pọ̀ jù, àti pé ọmọ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle kò jẹ́ kí ẹ náwó fún oníyàálù nígbà tó ń kì yín. A ó fèsì síbí, torí àwọn tó fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì náà ń kà á.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ìlù bẹ̀rẹ̀. Ohun èlò olókùn 15 ló wà lórí pèpéle: violin 8, viola 3, cello 3, bass 1. Ìlù mẹ́rin ló dojú kọ wọ́n: ìyáàlù, kẹríkẹrì, ìṣáájú àti gúdúgúdú, pẹ̀lú agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Gúdúgúdú ni kì í yẹsẹ̀. Òun ló ń fi ibi tí ẹsẹ̀ yóò bọ́ sí han gbogbo wọn, kẹríkẹrì àti ìṣáájú á máa gbè é, orí wọn ni ìyáàlù gùn tó fi ń sọ̀rọ̀. Bí a bá kó àwọn mẹ́ta yòókù kúrò, ìyáàlù á dà bí àlejò tí wọ́n ní kó kí ara rẹ̀ káàbọ̀. A ò ní dín wọn kù, mà.

Ohun tí a ń ṣe ni pé a ń mú kí wọ́n rọra lù. Ọ̀rọ̀ ìyáàlù kò sí nínú agbára tí a fi lù ú, inú ọṣán, okùn awọ ara ìlù tí onílù ń fún, ló wà. Nítorí náà, ó lè fi kọ̀ǹgọ́ kan awọ fẹ́ẹ́rẹ́, kó sì fún ọṣán dáadáa bó ṣe máa ń ṣe, ọ̀rọ̀ á ṣì jáde ketekete. A kì í fi aṣọ wé orí kọ̀ǹgọ́ o, torí ẹnu ìlù á dí. Gúdúgúdú ló nira jù: awọ líle méjì tí wọ́n lọ́ ni wọ́n fi ń lù ú, ohùn rẹ̀ sì mú. A tẹ́ rọ́ọ̀gì nípọn sábẹ́ àwọn onílù, a fi kọ́tìnì wúwo sẹ́yìn wọn, a ò sì gbé wọn sórí àga gíga. Níbi tí àwọn oní-violin bá ti ń fi ìka ta okùn dípò ọ̀pá, ìwé orin fúnra rẹ̀ ti pa ìlù lẹ́nu mọ́, àfi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Ti ká gbé wọn lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn ńkọ́? Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí onílù bá jìnnà sí violin ní mítà 20, ohùn rẹ̀ á pẹ́ tó ìdá kan nínú 17 ìṣẹ́jú-àáyá kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó kéré létí, ṣùgbọ́n nínú orin tó ń gbé ẹsẹ̀ 120 ní ìṣẹ́jú kan, tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì pín sí mẹ́ta, ìyẹn ti tó ìdá mẹ́ta ààyè tó wà láàárín lílù gúdúgúdú kan sí èkejì. Orin á máa yà síra wọn. Ìdí nìyẹn tí a fi kó wọn sí etí pèpéle lápá ọ̀tún, kí wọ́n lè rí ọwọ́ olùdarí, kí ó sì lè gbọ́ wọn.

Máìkì méjì ló wà lókè orí àwọn olókùn, a sì rọra ṣí wọn ni. Ẹni tó bá ṣí wọn gbòòrò kó lè gbé violin sókè, á gbé ìlù náà sókè, torí máìkì violin ń gbọ́ gúdúgúdú tó wà nítòsí.

Ẹ ní orin kejì nìkan lẹ ti gbọ́ violin kedere, ẹ wá ní ìyẹn fi hàn pé ìlù ni ìṣòro. Orin Fela Sowande nìyẹn, 1944 ló kọ ọ́, fún ohun èlò olókùn àti háàpù. Kò sí ìlù níbẹ̀ rárá. (Piano ló dúró fún háàpù lálẹ́ ọjọ́ náà.) Ọwọ́ T. K. E. Phillips ni Sowande ti kọ́ dùùrù ní Kàtídírà Marina, Phillips tó jẹ́ olórí dùùrù ibẹ̀ láti 1914 títí di 1962. Akin Euba, òǹkọ orin mìíràn, ní tirẹ̀ mú piano ṣe iṣẹ́ ìlù. Ọ̀nà ti pọ̀ tí àwọn ará wa ti gbà so méjèèjì pọ̀ nínú Èkó yìí, a sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ju ẹyọ kan lọ ní alẹ́ kan.

Ní ti ìdádúró: òjò rọ̀, wọ́n sì ṣí gbogbo ilẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú 20 nígbà ìsinmi. Awọ ewúrẹ́ máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, á wá dẹ̀, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Ìyáàlù lè fún ọṣán mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ohùn kan ni gúdúgúdú ní, ìda tó wà láàárín awọ rẹ̀ ló sì fi ń dúró síbẹ̀. Ohùn tí wọ́n ń pè ní D ló wà, ó bọ́ sí nǹkan bíi C♯, ohùn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an. A kò lè tún piano ṣe lójú ẹsẹ̀, gbogbo ohun yòókù ló gbọ́dọ̀ wá bá a. Onílù fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ awọ náà láti bí ìgbọ̀nwọ́ kan sí i, ó ń yí i ká etí rẹ̀, kò jẹ́ kó dé àárín, torí ìda á yọ́. Bó bá dúró lójú kan, awọ lè ya. Lákòókò yẹn kan náà, ẹ̀rọ amúlétutù ti mú kí èèkàn tí wọ́n fi ń fún okùn cello méjì gbẹ, wọ́n sì ń yọ̀ nínú ihò wọn; àwọn oní-cello ní láti ti èèkàn wọlé bí wọ́n ṣe ń yí i. Ká ní a bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìlù àti okùn ì bá máa bá ara wọn jà létí yín títí dé òpin.

Ti owó, ó yé wa. Ìyáàlù kì yín, ọwọ́ yín yá. Ṣùgbọ́n bar (ìpín kúkúrú inú ìwé orin) 16 péré ni ìwé orin fún un níbẹ̀. Bí owó bá kan iwájú rẹ̀, yóò yíjú sí ẹni tó náwó, oríkì á gùn, àwọn olókùn tó ń ka bar á sì wọlé sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti 2007 náà kò gba kí a máa fọ́n náírà. Lẹ́yìn orin àṣekágbá, àwọn onílù máa ń dá lù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, igbá ńlá kan sì wà ní etí pèpéle: ẹ fi owó sínú àpòòwé, ẹ jù ú síbẹ̀, ẹ jẹ́ kó kì yín tẹ́rùn.

Fún ìgbà mìíràn, ìlà kẹfà sí ìkejìlá ní àárín ló dára jù, tàbí iwájú òkè. Ẹ fi nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì yín ránṣẹ́ sínú àpótí ìfiránṣẹ́ wa, a ó pààrọ̀ àga yín fún alẹ́ tó ń bọ̀ láìgba kọ́bọ̀ lé e.