Bẹ́nu Bá Jẹ, Ojú Á Tì: Ọ̀rọ̀ Èédú Ilẹ̀ Ọsirélíà

Bẹ́nu bá jẹ, ojú á tì. Bí wọ́n bá pa òwe yìí, ọ̀dọ̀ ẹni tó gba rìbá ni ọkàn èèyàn máa ń kọ́kọ́ lọ. Àgbà tó jẹ iyán lọ́dọ̀ ẹlẹ́jọ́ lálẹ́ àná, tó bá di òwúrọ̀ tí wọ́n pe ìpàdé ẹbí, ilẹ̀ ló máa ń wò. Wọ́n á bi í pé, "Bàbá, kí lẹ rí sí i?" Á wúkọ́, á ní káwọn ìyókù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ná. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n òwe náà ò sọ pé ẹnu jalè, kò sì sọ pé ẹnu gba owó ẹ̀yìn. Ó ní ẹnu jẹ. Ẹni tó fi òógùn ojú rẹ̀ jẹun, tó jẹ ohun tó tọ́ sí i, ojú lè ti òun náà láti sọ òótọ́ nípa ibi tí oúnjẹ ti wá. Ẹ̀gbẹ́ yìí la kì í sábà yẹ̀ wò, ibi tí mo sì ti rí i kedere jù lọ jìnnà sí wa: ilẹ̀ Ọsirélíà, níbi táwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ti ń fa ọ̀rọ̀ èédú mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti bí ogún ọdún.

Èédú tí mò ń wí yìí kọ́ ni èyí táwọn ìyá alágbàdo ń fẹ́ iná sí o. Èédú inú ilẹ̀ ni, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Enugu látijọ́, tí ọkọ̀ ojú irin wa ń jẹ kí ẹ́ńjìnnì dísù tó dé. Ọdún 1799 ni ọkọ̀ ojú omi kọ́kọ́ gbé èédú kúrò ní Newcastle, ní ìlà oòrùn Ọsirélíà, ó gbé e lọ sí Bengal ní ilẹ̀ Íńdíà. Lónìí, kò sí èbúté tó ń kó èédú ránṣẹ́ sókè òkun tó Newcastle láyé. Ohun tó ń gba ibẹ̀ kọjá lọ́dún kan lé ní mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 130. Èédú ìpínlẹ̀ Queensland, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi ń yọ́ irin, wà lọ́tọ̀. Jàpáànù ń rà á, Ṣáínà ń rà á, Íńdíà àti Kòríà náà ń rà á.

Nínú ìwé ìṣirò táwọn orílẹ̀-èdè jọ ń lò, ẹni tó dáná ni wọ́n ń ka èéfín sí lọ́rùn. Ẹni tó ta igi ò sí níbẹ̀. Èédú Newcastle tó bá jóná ní Jàpáànù, Jàpáànù ni wọ́n ń kọ èéfín rẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ abẹ́ sánmà kan ṣoṣo ni gbogbo wa wà. Ìdí nìyẹn tí àwọn olóṣèlú Ọsirélíà fi lè máa ja ìjà àjàkú-akátá lórí èéfín abẹ́lé, tí ọkọ̀ ń jáde ní èbúté lójoojúmọ́, tí ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì, Labor àti Liberal, ò sì bi í pé níbo lò ń lọ. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Àwọn fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n wá ń gbá ara wọn létí lórí làpálàpá.

Ìjà làpálàpá ọ̀hún náà ò sì kéré. Kevin Rudd ti ẹgbẹ́ Labor wọlé ní 2007, ó ní ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ni ìdánwò ìwà tó tóbi jù fún ìran àwọn, ó sì gbé àbá òfin wá láti dín èéfín kù. Malcolm Turnbull, olórí àwọn alátakò, fẹ́ bá a fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2009, ẹgbẹ́ Liberal tirẹ̀ fi ìbò 42 sí 41 yọ ọ́, wọ́n fi Tony Abbott síbẹ̀. Ọjọ́ kejì ni àbá òfin náà wó nílé aṣòfin àgbà, ẹgbẹ́ Greens, tí igbó àti odò ń bẹ lẹ́nu wọn tàárọ̀ tálẹ́, sì wà lára àwọn tó dìbò pé rárá. Wọ́n ní kò le tó. Julia Gillard, tó gba ipò Rudd nínú Labor, dá owó lé èéfín lórí láti oṣù Keje 2012, Abbott fagi lé e ní oṣù Keje 2014. Turnbull padà wá di olórí ìjọba. Nígbà tó di 2018, ọ̀rọ̀ iná mànàmáná àti èéfín tún bá a débẹ̀, wọ́n tún yọ ọ́. Ọkùnrin kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀fìn kan náà.

Bí mo bá fẹ́ fi nǹkan kan ṣoṣo ṣàlàyé òwe wa fún ọmọdé, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì ọdún 2017 ni màá fi ṣe. Scott Morrison, mínísítà ètò ìṣúná nígbà náà, gbé òkúta èédú kan wọ ilé aṣòfin ní Canberra, olú ìlú wọn. Ó gbé e sókè, ó ní èédú rè é, kí wọ́n má bẹ̀rù, kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn bí ọmọ tuntun níbi ìkómọ. Àjọ àwọn iléeṣẹ́ awakùsà ló fún un, ìròyìn sì sọ pé wọ́n ti fi fáníìṣì kùn ún kó má baà yí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ gbọ́ ná: èédú tí kì í yí ọwọ́! Ẹ bi ìyá tó bá ta èédú rí bóyá ó mọ irú rẹ̀. Wọ́n rò pé ẹ̀gbẹ́ kejì làwọn ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Lójú tèmi, fáníìṣì yẹn ni ìtìjú. Ta ló ń fáníìṣì ohun tí ojú ò tì í láti gbé?

Labor náà ò lè ní ẹnu òun mọ́. Àwọn ló ń ṣèjọba Queensland ní 2022, nígbà tí ogun Rọ́ṣíà ní Ukraine gbé owó èédú lọ sókè réré. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún náà, wọ́n ní bí iye tọ́ọ̀nù kan bá ti kọjá 175 dọ́là, 20% owó tó lé jẹ́ ti ìjọba. Tó bá kọjá 225, 30%. Tó bá kọjá 300, 40%. Owó tó wọlé láàárín ọdún kan kọjá bílíọ̀nù 10 dọ́là tiwọn. Mi ò rí ẹ̀bi níbẹ̀ o. Ilé ìwòsàn ń fẹ́ owó, olùkọ́ ń retí oṣù. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wọn ló máa dìde lọ́la pé kí ọkọ̀ èédú má lọ mọ́? Ní Canberra, Labor sọ ọ́ di òfin ní oṣù Kẹsàn-án 2022 pé èéfín abẹ́lé gbọ́dọ̀ fi 43% dín sí ti 2005 kó tó di 2030. Nígbà tó pé ọdún méjì géérégé, oṣù Kẹsàn-án 2024, mínísítà àyíká nínú ìjọba kan náà fọwọ́ sí i kí ibi ìwakùsà èédú mẹ́ta máa bá iṣẹ́ lọ kí wọ́n sì fẹ̀ sí i. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò, bíi bàbá wa níbi ìpàdé ẹbí.

Ẹ má rò pé mò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Epo rọ̀bì tí ìjọba tiwa ń tà, ẹnu wa náà wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kàn mí jù ni ti ẹni tó fẹ́ bá ẹlẹ́nu jíjẹ sọ̀rọ̀. Báwo ló ṣe máa sọ ọ́? Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, Bob Brown, tó ti ṣe olórí Greens rí, kó ọ̀wọ́ ọkọ̀ jáde láti Hobart ní gúúsù, wọ́n rin ìrìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ títí dé Clermont ní àárín Queensland, láti lọ sọ pé kí iléeṣẹ́ Adani má ṣí ibi ìwakùsà èédú Carmichael. Ìbò ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn ará ibẹ̀ tò sójú títì, wọ́n ń hó lé wọn. Àwọn ilé ọtí kan kọ̀, wọn ò ta ọtí fún wọn. Ẹ fi ara yín sípò ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ akóèédú, tó jẹ gbèsè ilé, tí ọmọ rẹ̀ wà nílé ìwé, tí àwọn àlejò láti ìlú ńlá wá dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pé ohun tó ń jẹ burú. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ̀rù ebi náà, bákan náà ni.

Bill Shorten, olórí Labor nígbà náà, ní tirẹ̀ ń lé eku méjì. Tó bá wà ní ìlú ńlá gúúsù, ohùn rẹ̀ á dà bíi pé kò fẹ́ràn Carmichael. Tó bá dé Queensland, á ní káwọn òṣìṣẹ́ má fòyà. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Karùn-ún, ọjọ́ ìbò, ó pòfo. Ní àgbègbè ìbò Capricornia, ohun tí ẹgbẹ́ tó ń bá Labor du ipò fi borí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò tó 1%, ó fò sókè kọjá 12%. Ní Hunter, lẹ́bàá Newcastle, tó ti jẹ́ ilé Labor láti ayébáyé, awakùsà kan tó dupò lábẹ́ ẹgbẹ́ One Nation kó ju 20% ìbò lọ. Labor ò gbàgbé ìyà yẹn. Tí ẹ bá rí i tí wọ́n ń fọwọ́ sí ìwakùsà lẹ́yìn náà, ẹ rántí Capricornia.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó bá fẹ́ gba àwo lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹun ni pé kó gbé àwo mìíràn dání wá, kó sì tètè wá. Ní ìpínlẹ̀ Victoria, wọ́n kéde ní oṣù Kọkànlá 2016 pé ilé iṣẹ́ mànàmáná Hazelwood, tó ń jó èédú, yóò tì. Nígbà tó di òpin oṣù Kẹta 2017, ó ti tì. Oṣù márùn-ún péré. Ọjọ́ tí wọ́n ti í làwọn kan ń ronú iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe. Ní ìlú Muswellbrook, iléeṣẹ́ BHP sọ ní oṣù Kẹfà 2022 pé 2030 làwọn máa pa ibi ìwakùsà èédú Mt Arthur tì. Ọdún mẹ́jọ. Ọmọ tó wà ní jẹ́léósinmi lọ́jọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀ á ti fẹ́ jáde ní pírámárì. Èyí ṣeé bá awakùsà sọ lójúkojú. Àmọ́ àwọn olóṣèlú kì í dúró lójú kan tó ọdún mẹ́jọ: ẹgbẹ́ Liberal àti National tí wọ́n jọ gbà ní 2021 pé kí èéfín di òdo kó tó di 2050, àwọn méjèèjì ló pa ìlérí yẹn tì ní oṣù Kọkànlá 2025. Ẹni tó ń gbé Muswellbrook, ta ni kó gbàgbọ́ báyìí?

Ní oṣù Kọkànlá 2023, àwọn èèyàn tó ń tako títa èédú gbé ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà bọ́ sójú omi èbúté Newcastle. Ọlọ́pàá ti fún wọn ní ọgbọ̀n wákàtí, ọkọ̀ èédú ò gbọdọ̀ kọjá títí yóò fi pé. Nígbà tí àkókò pé, ọ̀pọ̀ wọn yí padà sí etí omi. Àwọn kan ò kúrò. Ọlọ́pàá kó èèyàn 109, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ àlùfáà àgbàlagbà ẹni ọdún 97. Bí wọ́n ṣe fà wọ́n jáde nínú omi tán, ọ̀nà là, àwọn ọkọ̀ ńlá tó ti ń dúró lójú òkun sì tún bẹ̀rẹ̀ sí wọlé wá gbẹ́rù.