Kì í ṣe owó kòkó ló gbé Ìbàdàn ga

Ó ṣòro kí a sọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè ní Ìbàdàn kí ẹnìkan má sọ pé owó kòkó ló kọ́ ìlú yìí: òun ló gbé Ilé Kòkó ró ní Dùgbẹ̀, òun ló dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní 1959, òun ló sì sanwó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa ń já sí ni pé, níwọ̀n ìgbà tí kòkó kò ti mówó wọlé bíi ti àtijọ́ mọ́, àfi kí ìjọba bá wa rí nǹkan mìíràn tí a ó máa tà, tàbí kí àwọn òyìnbó wá dá ilé iṣẹ́ ńláńlá sílẹ̀, kí ọrọ̀ ajé wa tó lè gbérí. Òótọ́ ni pé owó kòkó wọlé, wọ́n sì ná an. Ohun tí n kò gbà ni pé owó náà ló ṣe iṣẹ́ ọ̀hún, nítorí pé láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn àgbẹ̀ wa ti ń ta kòkó, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá kí àtúnṣe tí a ń sọ yìí tó bẹ̀rẹ̀.

Kòkó fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ìmọ̀ ni. Bí a bá ti la èso rẹ̀ tán, a ó kó hóró tútù inú rẹ̀ jọ, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, a ó sì jẹ́ kó gbóná kó kan fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, a ó máa yí i, kí a tó sá a sóòrùn. Bí àgbẹ̀ bá kánjú sá a, ẹni tó ń yẹ kòkó wò á fi ọ̀bẹ la hóró náà, á rí i pé inú rẹ̀ ṣì dà bíi síléètì, kòkó bẹ́ẹ̀ kò sì lè wà ní ipò kìn-ín-ní. Lẹ́yìn tí ìjọba dá bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó sílẹ̀ ní 1947, tí wọ́n sì ń san owó tó pọ̀ jù fún ipò kìn-ín-ní, kò pẹ́ tí èyí tó pọ̀ jù nínú kòkó Ìwọ̀-Oòrùn fi bọ́ sí ipò náà. Igi kan náà ni, ilẹ̀ kan náà ni, òjò kan náà ló ń rọ̀ sí i. Ohun tí ọwọ́ àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe ló yí padà, pẹ̀lú owó tó jẹ́ kí mímọ̀ ọ́n ṣe náà lérè. Bí àrùn sì ti ń kọlu kòkó, àwọn olùwádìí ló dojú kọ ọ́, ní Moor Plantation, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, àti láti 1964 ní ilé ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà kò já bọ́ látinú àpò kòkó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1952 ni Stephen Awókòyà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé ètò náà síwájú ilé ìgbìmọ̀. Wọ́n bu owó-orí ẹ̀kọ́ àti ìlera lé àwọn ará ìlú, inú bí wọn, ó sì wà lára ohun tó mú kí ẹgbẹ́ tó wà lórí àléfà fìdí rẹmi ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún 1954. Láàárín ọdún méjì àtààbọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé ìwé, tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn olùkọ́. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ètò náà bẹ̀rẹ̀, iye ọmọ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà sì lé ní 800,000, bẹ́ẹ̀ iye wọn kò tó 500,000 lọ́dún tó ṣáájú.

Àmọ́ ìwé kíkà nìkan kò tó, ó sì yẹ kí àwa tí a fẹ́ràn ẹ̀kọ́ sọ eléyìí jáde. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1960, àwọn ọmọ tó jáde ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ilé ìwé Modern ti kún ìgboro láìríṣẹ́. Ìjọba dá ibùdó àgbẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, irú èyí tó wà ní Akúfọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ló fi ibẹ̀ sílẹ̀, torí pé igi tí a gbìn lónìí máa ń gba ọdún púpọ̀ kó tó so. Ẹ̀kọ́ tí kò bá iṣẹ́ pàdé kò lè mú agbègbè kankan lọ́rọ̀.

Níbi tí méjèèjì ti pàdé, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn yìí ní 1967. Ní àwọn ọdún 1970, kòkòrò funfun kan tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà ń pa ẹ̀gẹ́ run káàkiri Áfíríkà. Hans Herren àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá agbọ́n tíntìnnì kan tó ń pa kòkòrò náà rí ní Paraguay, wọ́n sìn ín, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1981. Ohun tí a kì í sọ ni pé wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní ọ̀nà tí wọn yóò máa gbà sin agbọ́n yìí fúnra wọn. Láìsí wọn, àwárí náà ì bá má kúrò ní ọgbà IITA.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nítòsí wa, a kàn ń gbójú fò ó ni. Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá ń kọsẹ̀, mẹkáníìkì kan á pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, á pààrọ̀ kọ́ìlì, á sì ná owó oníbàárà tán. Ẹlòmíràn tó kọ́ṣẹ́ dé ojú àmì á ki ẹ̀rọ scanner bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, á rí kóòdù P0301, á mọ̀ pé sílíńdà kìn-ín-ní ni kò jó dáadáa. Á wá gbé kọ́ìlì sílíńdà náà sórí sílíńdà kejì. Bí kóòdù bá yí padà di P0302, kọ́ìlì ni ẹlẹ́bi. Ọkọ̀ yóò jáde lọ́jọ́ náà, owó tí kò ṣòfò yóò sì lọ síbi iṣẹ́ mìíràn nínú ìlú.

Láti 1971 ni ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí kíkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ níṣẹ́, ti wà, òfin sì ní kí ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì tó wà ní Ìwó Road kì í sábà rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà gbà. Kí ITF bá ẹgbẹ́ mẹkáníìkì àti Pólì Ìbàdàn sọ̀rọ̀, kí ọmọṣẹ́ máa lọ kọ́ ẹ̀rọ yìí ní ìrọ̀lẹ́ kó tó ṣe fírídọ́ọ̀mù. Kò di ìgbà tí a bá rí kòkó mìíràn kí a tó bẹ̀rẹ̀.