Ilé tàbí òkèèrè: ẹ gbé méjèèjì kọ́ sínú yàrá kan náà

Àwọn kan ní iṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ nìkan ló yẹ kó wà nínú mùsíọ́ọ̀mù orílẹ̀-èdè. Àwọn mìíràn ní àwọn olórúkọ ńlá láti òkèèrè ló ń fa èrò. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ. Kí méjèèjì wà níbẹ̀, kí a má sì ya yàrá wọn sọ́tọ̀. Èrò ọkàn mi nìyẹn.

Ẹ wo àwòrán ìgbì òkun tí Hokusai, ayàwòrán ará Jàpáànù, ṣe ní nǹkan bí 1831. Kò sí àwòrán tó ń rán èèyàn létí Jàpáànù tó o. Síbẹ̀, ọ̀dà búlúù tó gbé ìgbì yẹn yọ, ìlú Berlin ni wọ́n ti kọ́kọ́ po irú rẹ̀, láàárín 1700 sí 1710. Nígbà tó yá, àwòrán Jàpáànù náà dé Yúróòpù. Ní 1887, Van Gogh, ayàwòrán ará Netherlands, wà ní Paris, ó tẹjú mọ́ iṣẹ́ Hiroshige, ayàwòrán Jàpáànù mìíràn, ó ń fi ọ̀dà tirẹ̀ yà á. Ní 1907, Picasso, ayàwòrán ará Sípéènì, wọ mùsíọ́ọ̀mù Trocadéro ní Paris, ó bá àwọn ère ilẹ̀ Áfíríkà pàdé níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí a bá wá kó Hokusai sí ìsàlẹ̀, tí a kó Van Gogh lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, báwo ni ọmọdé tó wá wòran ṣe fẹ́ mọ̀ pé àwọn èèyàn wọ̀nyí ń kọ́gbọ́n lára ara wọn?

Èyí ò ní ká ti ọmọ ilẹ̀ sẹ́yìn o. Òun ni kó gba ògiri tó pọ̀ jù, nítorí bí mùsíọ́ọ̀mù ìlú rẹ̀ ò bá gbé e síta, ta ni yóò gbé e síta? Ó máa ń dùn mí bí wọ́n bá ní àyè ò sí. Mùsíọ́ọ̀mù ńlá ti London, British Museum, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 8 ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún péré ló wà níta. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń yàn ni, kì í ṣe ti àyè. Kí wọ́n máa pààrọ̀ wọn lóòrèkóòrè.

Ṣùgbọ́n ti òkèèrè gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà tó mọ́ wọlé. Àwọn idẹ Benin tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní 1897, ìkógun ni. Ní 2022, Jámánì gbà pé Nàìjíríà ló ni èyí tó wà lọ́dọ̀ wọn, díẹ̀ sì kù ní Berlin, àmọ́ wọ́n yá a ni báyìí. Èyí tẹ́ mi lọ́rùn gan-an: oní-nǹkan ti gba nǹkan rẹ̀, àwọn ará Berlin náà ṣì ń rí i wò.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó hàn ketekete: ta ló ṣe é, báwo ló ṣe débí, ta ló ni ín lónìí.